Lẹ́tà Tó Tóbi Bí Ipò Ọ̀gá

Bí ẹ bá dé Mpoano, ìlú àwọn apẹja létí òkun ní ilẹ̀ Fante, tí ẹ sì fẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn yín kíákíá, ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan kan fún wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ ní, "Ẹ sọ ti Ọ̀gá Àgbà fún mi." Wọ́n á fún yín lága, wọ́n á fún yín lómi, wọ́n á sì máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi náà kò lè pa á mọ́ra. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sí tábìlì kẹta nínú ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí mi ò fojú ara mi rí níbẹ̀, àwọn tó rí i ti sọ ọ́ fún mi tó ìgbà ogún.

Ilé Iṣẹ́ Ìwé Àṣẹ Ọkọ̀ Ẹja ni wọ́n ń pe ọ́fíìsì wa, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ. Lọ́dọọdún, bí oṣù keje bá wọlé, ìjọba á ní kí wọ́n fi òkun sílẹ̀ kó sinmi, kí ẹja lè bí sí i. Gbogbo ọkọ̀ á gòkè sórí iyanrìn. Bí oṣù kẹjọ bá dé, ọkọ̀ tó bá ti gba ìwé àṣẹ tuntun nìkan ló lè padà sínú omi. Inú kọ̀ńpútà ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé náà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ní àṣẹ láti ṣe é. Ẹni náà ni Ọ̀gá Àgbà Josiah Kwamena Egyir-Baidoo.

Ọ̀gá yìí máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ gbójú sókè fún ìṣẹ́jú kan, kí àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè múra sílẹ̀ láti kí i. Àga rẹ̀ ga ju gbogbo àga ilé náà lọ, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi kan ilẹ̀, a sì ní láti wá àpótí ọṣẹ kan fún un kó má baà máa fì dìrọ̀dìrọ̀ níwájú àlejò. Àpótí náà di ohun èlò ìjọba. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára.

Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ohun tó ń ṣe gbogbo ẹni tó bá dàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ohun tó wà lókèèrè hàn kedere sí i, ohun tó wà nítòsí di kùrukùru. Ó lè dúró lójú fèrèsé kó ka orúkọ tí wọ́n kùn sára ọkọ̀ létíkun lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un níwèé, á máa nà án jìnnà sí ara rẹ̀, á máa nà án, títí apá rẹ̀ á fi tán. Ẹlòmíì á lọ ra awò ojú. Ọ̀gá wa ní kì í ṣe ojú òun ló ní wàhálà, apá òun ni kò gùn tó.

"Awò ojú," ó máa ń sọ, "ti àwọn akọ̀wé ni. Ọ̀gá kì í wo nǹkan. Nǹkan ló máa ń wá fi ara rẹ̀ han ọ̀gá."

Igbákejì rẹ̀, Kojo Essuman, á mú ìwé kékeré kan jáde, á kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Essuman, ọrùn rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbà kí ọ̀rọ̀ tó tán. Ìwé kékeré rẹ̀ ti pé mẹ́rin nígbà yẹn, ọgbọ́n Ọ̀gá ló kún inú gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó rí i kó padà kà wọ́n rí.

Ọdún yẹn ni wọ́n fi kọ̀ńpútà tuntun ránṣẹ́ láti Akra. Ojú rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ tí wọ́n fi ń sá ẹja. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín ní ṣókí, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré yìí ló bí ńlá. Àmì kéékèèké tó ń tàn ló ń kó ara wọn jọ di àwòrán lójú kọ̀ńpútà. Ti kọ̀ńpútà tuntun yìí tó ẹgbàá ó dín ọgọ́rin ní ìbú, ó tó ẹgbẹ̀rún ó lé ọgọ́rin ní òró. Bí àmì bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán á ṣe dán tó, lẹ́tà á sì ṣe kéré tó. Ẹni tí lẹ́tà bá kéré jù lójú rẹ̀ lè sọ ọ́ di ńlá díẹ̀, bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pe ìwọ̀n tí wọ́n bí lẹ́tà mọ́. Tó bá di ọ̀ọ́dúnrún, lẹ́tà kan ti di ìlọ́po mẹ́ta ara rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá jókòó síwájú rẹ̀, ó wò ó, ó fà sẹ́yìn.

"Ta ló rán àwọn èèrà yìí sí mi?"

"Lẹ́tà ni wọ́n, Ọ̀gá wa," Essuman dáhùn.

"Lẹ́tà ta ni? Àwọn ará Akra rò pé irú lẹ́tà yìí ló tọ́ sí mi?"

Essuman kò mọ kọ̀ńpútà, ṣùgbọ́n ó mọ Ọ̀gá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ó já àmì kọ̀ńpútà náà wálẹ̀ sí ẹgbẹ̀rin ní ìbú àti ẹgbẹ̀ta ní òró. Lẹ́yìn náà ó gbé lẹ́tà lọ sókè, ó gbé e, ó gbé e, títí ó fi dé ọ̀ọ́dúnrún. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, lẹ́tà kan ṣoṣo ti tó ìgbákọ. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn. 

"Ká," ó kà. "À. Bọ̀." Ó pa á pọ̀. "Káàbọ̀. Ó ní káàbọ̀."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti dá ọ̀rọ̀ kan kà. Essuman pàtẹ́wọ́, àwa náà pàtẹ́wọ́. Bí mo bá sọ pé inú mi kò dùn fún un lọ́jọ́ yẹn, mo purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, tí wọ́n ní kí gbogbo wa dìde dúró sẹ́yìn rẹ̀ kó tún "Káàbọ̀" kà, tó di ọjọ́ kẹta, tó di pé ẹni tí kò bá wá síbi Káàbọ̀ ti pa iṣẹ́ jẹ nìyẹn, mo rí i pé nǹkan ti wọ̀lú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ra èkejì. "Nígbà tí Ẹlẹ́dàá dá erin, ṣé ó bi eku pé báwo ni kí òun ṣe ṣe é? Nígbà tó dá òkun, ṣé inú ife ló bù ú sí? Ohun ńlá, ìwọ̀n ńlá. Mo wò yíká ọ́fíìsì yìí, ohun tí mo rí bà mí lọ́kàn jẹ́. Mo rí akọ̀wé tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ti ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ṣé bí a ó ṣe máa gbé ilé ayé nìyẹn?"

"Rárá o," Essuman dáhùn.

Báyìí ni Ìlànà Ìtóbi Lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà, ọ̀ọ́dúnrún. Igbákejì, àádọ́jọ. Akọ̀wé, ọgọ́rùn-ún, kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan lé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fún un níwèé ìbáwí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò ní kọ̀ńpútà rárá, ṣùgbọ́n wọ́n dá ọgọ́rin sílẹ̀ fún un, bó bá di ọjọ́ tó máa ní. Ọkùnrin náà dúpẹ́. Mi ò lè gbàgbé pé ó dúpẹ́.

Araba Amissah ló ń tọ́jú kọ̀ńpútà wa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí oṣù bá ti wọlé, á mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, á máa lọ láti tábìlì kan dé èkejì. Á yẹ iye àmì ojú kọ̀ńpútà wò, á kọ ọ́ sílẹ̀. Á yẹ ìtóbi lẹ́tà wò, á kọ ọ́ sílẹ̀. Á wá bi olúwa rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ̀ ń rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, ó kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́, ó kọ èkejì, ó sì dúró.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún èyí ṣe."

"Kí ló ṣe é?"

"Àmì rẹ̀ ti kéré jù, lẹ́tà rẹ̀ ti tóbi jù. Ojú ibẹ̀ ò gba ìwé yẹn tán mọ́. Apá kan ti bọ́ síta."

"Síta ibo?"

"Síta ojú kọ̀ńpútà, sà."

Ọ̀gá na ọrùn wo ẹ̀yìn kọ̀ńpútà. Okùn iná àti eruku nìkan ló wà níbẹ̀. "Mi ò rí ohun tó bọ́. Tó bá sì bọ́ síta lóòótọ́, ẹ sọ fún ẹ̀ṣọ́ kó mú un wọlé."

"Igun mélòó lẹ̀ ń rí lójú ìwé yẹn, sà?"

"Ìjọba ò gbà mí síṣẹ́ kí n máa ka igun."

"Tí mo bá lè bá yín dín lẹ́tà yẹn kù díẹ̀..."

 Essuman gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Dín kí ni kù?" Ọ̀gá bi í.

"Lẹ́tà, sà."

"Lẹ́tà ta ni?"

"Tiyín, sà."

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga rẹ̀. Ó gun orí àpótí ọṣẹ náà, ó wá ga bíi tiwa. "Gbogbo yín ẹ gbọ́ o. Araba Amissah fẹ́ dín mi kù."

Kó tó di ọ̀sán, ó ti rán an lọ sétíkun pẹ̀lú garawa ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, kó máa kun nọ́ńbà sára ọkọ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti fẹ́ràn nọ́ńbà tó bẹ́ẹ̀, kó lọ máa bá nọ́ńbà ṣeré.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ rọra báyìí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bẹ́. Ìwé àṣẹ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì méjì nísàlẹ̀. Ti ọwọ́ ọ̀tún sọ pé FỌWỌ́ SÍ I. Ti ọwọ́ òsì sọ pé MÁ FỌWỌ́ SÍ I. Nígbà tí lẹ́tà di ọ̀ọ́dúnrún, ìwé náà fẹ̀ ju ojú kọ̀ńpútà lọ, ó sì yọ síta lọ́tùn-ún lósì. Bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún bá ìyẹn lọ pátápátá, kò sẹ́ni tó tún rí i mọ́. Ti ọwọ́ òsì kù síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wọ abẹ́ etí kọ̀ńpútà. MÁ ti pòórá. Ohun tó kù tí Ọ̀gá wa ń rí ni FỌWỌ́ SÍ I, lẹ́tà gàgàrà, ó ń dán, ó ń pè é.

Ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù keje ló fi fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, tàbí kí n ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ṣe ohun tó ń ṣe. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù. Bí Essuman bá ti pe orúkọ ọkọ̀, Ọ̀gá á gbé ìka ìlábẹ̀ sókè lọ́run bí ẹni fẹ́ búra, á sọ ọ́ kalẹ̀ sórí máòsì. Kọ̀ńpútà á dún "tíń". A ó pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ mẹ́tàdínlọ́gọ́fà ló wà ní Mpoano. Àtẹ́lẹwọ́ mi pọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta.

Létíkun, Araba ń kun nọ́ńbà sára ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Àná Ti Lọ. Màmá Ekuwa Mansa ló ni ín, opó tó ti ń rán ọkọ̀ lọ sókun kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta ló ń tù ú. Fóònù èyí àárín, Fiifi, dún.

"Ìwé wa ti dé," ó ní. Ó kà á. Ó tún un kà. "Màmá, wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ sí i."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìyí nísàlẹ̀."

Fóònù mìíràn dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òmíràn dún lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tó yá, gbogbo etíkun ń dún bí agbo ẹyẹ, kò sì sí ẹni tí ìròyìn tirẹ̀ dára.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Ekuwa kó àwọn ọlọ́kọ̀ wá sí ọ́fíìsì wa. Ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i lọ́mọ.

"Ọ̀gá wa, ẹ dákun, kí la ṣe yín? Ẹ kọ gbogbo ọkọ̀ wa, ẹ ò yọ ẹyọ kan sílẹ̀."

Ẹnu ya Ọ̀gá gan-an. "Kọ̀ ọ́ kẹ̀? Màmá, ìka mi yìí ni mo fi fọwọ́ sí gbogbo yín. Ó ṣì ń ro mí."

"Ẹ wo fóònù, sà." Fiifi na fóònù sí i.

Ọ̀gá kò gbà á. Tó bá gbà á, ṣé ó lè kà á? Ó yí ojú sí fèrèsé. "Báwo ni fóònù yìí ṣe tóbi tó? Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kọ̀ńpútà mi, ó tó tábìlì. Ẹ dá a rò fúnra yín. Nínú ohun ńlá àti ohun kékeré, èwo ló ń purọ́? Ohun kékeré ló ń purọ́. Ẹ lọ ra fóònù tó tóbi."

"Ọ̀rọ̀ ńlá," Essuman wí, ó sì mú ìwé karùn-ún jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni òkun ṣí, tí kò sì sẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi ń lọ ń bọ̀ níwájú wa, ọkọ̀ tí kò bá níwèé, wọ́n á gba ẹ̀ńjìnnì rẹ̀. Oṣù kẹjọ sì ni oṣù tí ẹja ṣáwá ń ya wọlé. A ń rí i lórí omi, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹni ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlú tó fẹ̀yìn ti òkun wá ń ra ẹja inú agolo. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja jókòó ti ààrò tútù, wọ́n ń fi kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, run ata lásán. Lọ́jọ́ kẹwàá, Fiifi di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ń lọ sí Abidjan, níbi tí ọkọ̀ àwọn ẹlòmíì ti ń ṣiṣẹ́.  Ìyá rẹ̀ kàn jókòó sórí báàgì náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sì jẹ́ kó rí i gbé.

Araba rí èyí. Ó fọ ọ̀dà kúrò lọ́wọ́, ó wá bá Essuman lẹ́yìn ọ́fíìsì.

"Bọ̀dá Essuman, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ sọ di ńlá yẹn ti bo bọ́tìnnì. Èyí tí kò yẹ kó tẹ̀ ló ń tẹ̀."

"Mo mọ̀," Essuman wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀. Mo jókòó síbẹ̀ nígbà tó lọ jẹun, mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ ò wá sọ fún un?"

"Kí n sọ kí ni, àbúrò mi? Kí n ní, 'Ọ̀gá, ẹ ti fi ìka yín pa ìlú'? Tó bá bi mí pé ta ló sọ lẹ́tà di ńlá ńkọ́? Mo níyàwó nílé."

"Àwọn náà níyàwó nílé."

Essuman wọlé lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ gbè é.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà máa lọ bẹ́ẹ̀ títí dòní, bí kì í bá ṣe ìgbéraga Ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ó kọ̀wé sí Akra pé àwọn apẹja Mpoano ń ba òun lórúkọ jẹ́, pé kí Alábòójútó tó wà lórí ọ́fíìsì wa wá fojú ara rẹ̀ rí bí òun ṣe ń fọwọ́ sí ìwé. Ó ní òun á tún un ṣe ní gbangba, níwájú gbogbo ìlú, kí ojú lè ti àwọn òpùrọ́. Mo ti ka ìtàn ẹni tó gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí ẹni tó pe àlejò láti Akra pé kó wá bá òun mú ṣọ́bìrì dání.

Alábòójútó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí àṣà ilẹ̀ Fante kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sókun, tí gbogbo ìlú máa ń wà nílé. Ìyáàfin Sekyiwa Dontoh ni, obìnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í bínú. Gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n wá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán kọ̀ńpútà sára ògiri, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè rí ìka rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀ àyàfi Araba, wọ́n sì ní kó wá láti etíkun. Ó wọlé tòun ti ọ̀dà funfun ní ìgbọ̀nwọ́. Ó so okùn. Kọ̀ńpútà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó rí ògiri, ó sì mú ìwọ̀n ara rẹ̀ bá ògiri mu, bó ṣe máa ń ṣe. Àmì padà pé. Lẹ́tà padà sí ọgọ́rùn-ún. Araba wo igun kìn-ín-ní lára ògiri, ó wo èkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá dìde. Iṣẹ́jú márùndínlógójì ló fi sọ̀rọ̀. Ó dárúkọ erin, ó dárúkọ òkun. Ó pe ara rẹ̀ ní bàbá ẹja.

"Màmá Ekuwa Mansa," ó ní lópin, "ẹ wá jókòó níwájú. Ọkọ̀ yín ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀."

Ó jókòó, ó kọjú sí èrò, ó kẹ̀yìn sí ògiri. Ó wo kọ̀ńpútà, èèrà ló rí. Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ṣe ohun kan nígbà mẹ́tàdínlọ́gọ́fà, ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Ó gbé ìka sókè ọ̀run, ó darí máòsì sísàlẹ̀ lápá òsì, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Tíń.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Fóònù Fiifi dún láàárín èrò.

"Ọ̀gá Àgbà," Ìyáàfin Dontoh wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà, "kí lẹ tẹ̀ yẹn?"

"Mo fọwọ́ sí i, Ìyáàfin."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú sẹ́yìn, kí ẹ bá wa ka ohun tí máòsì yín wà lórí rẹ̀."

Ọ̀gá yíjú sẹ́yìn. Ẹ rántí pé ohun tó wà lókèèrè kì í pa mọ́ fún un. Ògiri náà jìnnà sí i bí ó ṣe yẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì hàn ketekete, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìsí olùrànlọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ gbé sókè. Ó gbé ohùn rẹ̀ tó dára jù sókè, ohùn Káàbọ̀.

"Má," ó kà. "Fọwọ́. Sí i."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ògiri náà. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí láìsí ohùn, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ó wo bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún, tí kò rí rí láyé rẹ̀.

"Ta ló fi Má síbẹ̀?" ó béèrè.

Ẹ̀rín kan bú láti ẹ̀yìn, èkejì tẹ̀ lé e, gbọ̀ngàn sì dàrú. Àwọn kan jókòó sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń yan ẹja di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ó ń wí fún un pé, "Dì mí mú, má jẹ̀ẹ́ kí n kú síbí." Ebi ti pa wọ́n fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Essuman ti kọjá sí ẹ̀gbẹ́ Ìyáàfin Dontoh, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀. "Mo ti ń sọ fún wọn tipẹ́, Ìyáàfin wa. Ọgbọ́n yín pọ̀ o, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yíjú sẹ́yìn." Ìwé kékeré ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni eléyìí?" Ìyáàfin Dontoh bi Araba.

"Òun ló sọ lẹ́tà di ńlá, Mà."

Ìyáàfin Dontoh béèrè ìwé tí Araba fi ń kọ nọ́ńbà, ó sì kà á níbẹ̀, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n lé e lọ kun ọkọ̀. Ìdájọ́ rẹ̀ kò gùn. Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó fi Araba sídìí kọ̀ńpútà náà, ìwé mẹ́tàdínlọ́gọ́fà sì jáde kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní kí Essuman máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Akra tòun ti ìwé ọgbọ́n rẹ̀ márùn-ún. Ní ti Ọ̀gá, ó ní láti òní lọ, tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni tirẹ̀, akọ̀wé ni.

"Ṣùgbọ́n lọ́la," ó fi kún un, "ẹ̀yin lẹ máa gbé ìwé wọ̀nyí lọ sétíkun. Ẹ ó pe orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó fún ẹni tó ni ín níwèé rẹ̀ lọ́wọ́."

Lówùúrọ̀ ọjọ́rú, gbogbo Mpoano wà lórí iyanrìn. Ọkùnrin náà dé láìwọ kóòtù búlúù, ó di ìwé mọ́ra nítorí atẹ́gùn. Ó mú èyí àkọ́kọ́, ó nà án. Ó tún un nà. Apá rẹ̀ tán.  Apẹja kan jáde, ó fi ọ̀wọ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn lọ.

"Ṣé ó ti tó níbí, sà?"

"Sún díẹ̀ sí i."

"Níbí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ dáa." Ó la ẹnu láti kà á, atẹ́gùn sì ká ìwé náà mọ́ ọkùnrin náà lójú.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Màmá Ekuwa Mansa tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ awò ojú kan tí wọ́n fi òwú ẹja so apá rẹ̀ kan. Kò bá a ṣẹ̀sín. Ó gbé e fún un bí ẹni gbé omi fún àlejò.

"Ẹ lò ó, ọmọ mi. Oòrùn ń mú bọ̀."

Ó gbà á. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fi sójú. Nígbà tó fi sí i tán, ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo èékánná ara rẹ̀, ó wo ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ tó ti kú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò lo ohùn Káàbọ̀. Ó kàn ń kà á ni, orúkọ tẹ̀ lé orúkọ, bí wọ́n bá sì ti gba ìwé, wọ́n á ti ọkọ̀. Òógùn bò ó. Ohùn rẹ̀ há. Kò béèrè àga. Ó kà á títí ọ̀sán fi pọ́n, títí ìwé kan ṣoṣo fi kù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àná Ti Lọ," ó ní. "Ekuwa Mansa. A fọwọ́ sí i."

Màmá Ekuwa na ọwọ́. Ọkùnrin náà fún un níwèé, ọwọ́ náà kò sì kúrò níbẹ̀. Ó yé e, ó bọ́ awò ojú náà, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ìyá àgbà náà fi í sójú ara rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi èékánná ha iwájú ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn díẹ̀, bóyá nǹkan kan fara pamọ́ síbẹ̀. Fiifi àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ti fèjìká ti ara ọkọ̀, wọ́n ń wò ó.

Ó ká ìwé náà, ó fi sí àyà.

"Ẹ tì í," ó ní.